Esad Pasha Kì Í Ṣe Akọni Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ láìfi epo bọ iyọ̀, nítorí pé ó ti pẹ́ jù lẹ́nu àwọn oníwàásù wa, àwọn ọ̀dọ́ sì ń gbà á mì bí ẹni gba oògùn tí kò béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ní àwọn yẹ̀húdí àti àwọn nàsárá nìkan ló ba ti Mùsùlùmí jẹ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe ọ̀tẹ̀ àwọn wọ̀nyí, ìjọba Sùlútáánì ilẹ̀ Túkì ì bá ṣì dúró digbí, ilẹ̀ Albáníà ì bá sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní àlàáfíà. Ẹni tó bá sì ka ìwé díẹ̀ nínú wọn á fi orúkọ ọkùnrin kan ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn: Esad Pasha Toptani, ọ̀gágun Mùsùlùmí, ẹni tí ó di ìlú Shkodër mú níwájú àwọn ọmọ-ogun nàsárá, ẹni tí kò jẹ́ kí ọmọ ọba Jámánì rí ìtẹ́ jókòó sí, tí wọ́n sì yìnbọn pa ní ìgboro Paris ní ọdún 1920. Wọ́n fẹ́ kí á máa pè é ní akọni wa.

Èmi kò gbà. Mo ti ń kọ́ ọmọ ní kéwú láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ òyìnbó pẹ̀lú. Ohun tí ẹ̀kọ́ méjèèjì fi yé mi ni pé kí n wo iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kí n tó wo láwàní orí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ oyè náà kúrò lọ́nà. Pasha kì í ṣe oyè ẹ̀sìn. Oyè ìjọba ni, bí ìgbà tí a bá ní Balógun tàbí Baṣọ̀run, àwọn nàsárá pàápàá sì jẹ ẹ́ lábẹ́ Sùlútáánì. Vaso Pasha, ọmọ bíbí Shkodër, tí Sùlútáánì fi ṣe gómìnà lórí òkè Lẹ́bánónì, ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ Pasha tí ó sì rò pé àlùfáà kan ni wọ́n ń pè, kí ó tún inú rò. Ní ti orúkọ rẹ̀ gan-an, bí a bá kọ ọ́ ní Lárúbáwá, As'ad ni, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹni tí oríire rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Oríire náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ nìkan ni.

Ní nǹkan bí ọdún 1863 ni wọ́n bí i ní Tirana, sí ilé Toptani. Ilé yìí wà lára àwọn ilé onílẹ̀ tó tóbi jù lọ ní àárín gbùngbùn Albáníà. Àwọn àgbẹ̀ tí ń dáko ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà láàrin Tirana àti Durrës, púpọ̀ nínú wọn ni kò ní ilẹ̀. Ilẹ̀ àwọn bey ni wọ́n ń ro, wọ́n á sì kó lára ìkórè fún onílẹ̀ lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀. Mùsùlùmí ni bey, Mùsùlùmí ni àgbẹ̀. Sáàfù kan náà ni wọ́n jọ ń tò sí ní ọjọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kírun tán, ọ̀kan á lọ sí ààfin rẹ̀, èkejì á padà sí oko tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fìdí sọlẹ̀ sí.

Esad wọ iṣẹ́ ìjọba, ó di ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá oníbọn ní Janina. Wọ́n pa arákùnrin rẹ̀, Gani Bey, ní Istanbul nígbà ayé Sùlútáánì Abdul Hamid Kejì, ìfura sì kan àwọn tó sún mọ́ ààfin. Ìbínú èyí wà nínú rẹ̀, n kò sì dá a lẹ́bi pé inú bí i. Nígbà tí àwọn tí à ń pè ní Ọ̀dọ́ Túkì dìde ní ọdún 1908, ó bá wọn lọ, ó sì di aṣojú Durrës ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á wá sí ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1909, ọjọ́ tí wọ́n rọ Abdul Hamid lóyè. Sùlútáánì yìí kì í ṣe àjèjì sí àwa tí a wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Òun ló fi oyè Bey ránṣẹ́ sí Mohammed Shitta ní Èkó, nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí tí bàbá náà kọ́ ní ọdún 1894, Abdullah Quilliam ti Liverpool ló sì wá ṣojú rẹ̀. Oyè Bey yìí kan náà ni ilé Toptani ń jẹ. Bàbá Èkó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé ìjọsìn fún ẹni gbogbo kí oyè náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ti Tirana, ẹ ó rí ohun tí ó fi ṣe.

Ilé ìgbìmọ̀ rán àwọn mẹ́rin lọ sí ààfin láti sọ fún Sùlútáánì pé ó ti kúrò lórí oyè. Emanuel Carasso, yẹ̀húdí ará Salonika, jẹ́ ọ̀kan. Aram Efendi, ará Àmẹ́níà, jẹ́ ọ̀kan. Ẹnì kẹta ni Arif Hikmet Pasha, ọ̀gá nínú àwọn ọmọ-ogun ojú omi. Ẹnì kẹrin ni Esad Toptani. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn oníwàásù wa, Carasso nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n pé àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́, wọ́n á ní àwọn kò rí i kà. Bẹ́ẹ̀ ìtàn fi yé wa pé Esad ló gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀. Ẹnu Mùsùlùmí ni Kàlífà ti gbọ́ ọ pé òun kì í ṣe Kàlífà mọ́. Kí ikọ̀ náà tó gbéra rárá ni fátúwà ti jáde láti ọ́fíìsì Ṣéù-l-Ìsìláàmù, tí wọ́n sì ti kà á ní gbangba ìgbìmọ̀. Ta ni yẹ̀húdí nínú àwọn tó kọ fátúwà?

N kò sọ pé Abdul Hamid kò ní àbùkù. Ó ti ilé ìgbìmọ̀ pa fún ọgbọ̀n ọdún, àwọn amí rẹ̀ sì kún gbogbo ìlú. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹni tí ó ń ka ikú òde lórí mínbárì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kò dárúkọ ti ilé rí, kò kọ́ ìjọ ní ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí á kọjá sí Shkodër, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ di akọni. Ogun Balkan bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1912. Àwọn ọmọ-ogun Montenegro dó ti ìlú náà, àwọn ará Sẹ́bíà sì wá kún wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó jẹ́ olórí ogun nínú ìlú ni Hasan Riza Pasha. Ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi odi yí àwọn òkè ká, ó sì ti pinnu pé òun kò ní jọ̀wọ́ ìlú. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1913, ó lọ jẹun ní ilé Esad. Bí ó ti jáde níbẹ̀ ni wọ́n yìnbọn pa á lójú ọ̀nà. Esad sì gba ipò rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìwé sọ pé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ Esad ló yin ìbọn náà. Èmi kò ní gbé ẹjọ́ mi karí ìyẹn. Wọn kò gbé e dé iwájú adájọ́, àwọn ẹlẹ́rìí kò dúró kí á bi wọ́n léèrè, ṣàríà kò sì gbà kí á fi ìfura di ẹ̀jẹ̀ ru ẹnikẹ́ni. Mo yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí mo ń bá a fà. Ohun tí ó kù, tí kò sí ẹni tí ó lè jiyàn rẹ̀, ti tó.

Ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1913 ni Esad jọ̀wọ́ Shkodër fún Nikola, ọba Montenegro. Àwọn olùgbèjà rẹ̀ á ní ebi ló fà á. Òótọ́ ni pé ebi pa ìlú náà débi pé àwọn ènìyàn ń kú. Ẹni tí kò bá tíì rí ebi ìdótì rí, kí ó má fi ẹnu yẹpẹrẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí nǹkan ti rí ní oṣù kẹrin náà. Àwọn ìjọba ńlá Yúróòpù tí wọ́n ń ṣe ìpàdé ní London ti pinnu pé ti Albáníà ni Shkodër máa jẹ́. Ọkọ̀ ojú omi wọn ti wà lórí òkun, wọ́n ń dí ọ̀nà etíkun mọ́ Montenegro. Àwọn ọmọ-ogun Sẹ́bíà ti ń kó ẹrù wọn, wọ́n ń fi ìdótì náà sílẹ̀. Àkókò náà ni ọ̀gágun wa bá ọ̀tá dúnàádúrà. Kí ni ó gbà padà? Ó gbà pé kí òun kó àwọn ọmọ-ogun jáde tàwọn tìbọn wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì yọ wọ́n lẹ́nu. Kò dá wọn padà fún Sùlútáánì tí ó ni wọ́n. Ó kó wọn, ó di Tirana, ilé bàbá rẹ̀. Báyìí ni ọmọ-ogun ìjọba di ọmọ-ogun Toptani, láti ọjọ́ náà lọ kò sì sí ẹni tí ó lè ṣe ìjọba ní àárín Albáníà kí ó má kọ́kọ́ kí i.

Ní ti ìlú tó fi sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ó lò lọ́wọ́ Montenegro. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, àwọn ìjọba ńlá fi agídí lé wọn jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Súrátù n-Nísáì mọ ohun tí ó pa láṣẹ lórí àmáná, pé kí á dá a padà fún àwọn tí ó ni ín. Ìlú tí a fi síkàáwọ́ ológun, àmáná ni. Ìbọn tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, àmáná ni. Ọmọ ọlọ́mọ tí ó wọṣọ ogun, àmáná ni. Esad kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó fi ṣe owó ìdókòwò.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà dà bí ọ̀gà. Ismail Qemali ti kéde òmìnira Albáníà ní Vlorë ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1912. Esad wọ ìjọba náà, wọ́n fi í ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Kò pẹ́ tí ó fi yà kúrò, tí ó sì dá ìjọba tirẹ̀ sílẹ̀ ní Durrës ní oṣù kẹwàá ọdún 1913. Ìjọba yìí kò dé ọdún kan. Nígbà tí àwọn ìjọba ńlá mú ọmọ ọba kan láti ilẹ̀ Jámánì, Wilhelm ti ìdílé Wied, pé òun ni yóò jọba lórí Albáníà, Esad tú ìjọba rẹ̀ ká, ó sì ṣáájú ikọ̀ tó lọ sí Neuwied ní oṣù kejì ọdún 1914 láti lọ gbé adé fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Àwọn tí ń wí pé òun ni kò jẹ́ kí nàsárá jọba lórí Mùsùlùmí, ṣé wọ́n mọ̀ pé òun gan-an ló wọ ọkọ̀ lọ pe nàsárá náà wá? Nígbà tí Wilhelm gúnlẹ̀ sí Durrës ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta, ó fi Esad ṣe mínísítà ogun, ó tún fi í ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ọmọ-ogun di tirẹ̀, ọlọ́pàá di tirẹ̀.

Ní ibí yìí mo fẹ́ kí ẹ fún mi láyè, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn dùn mí jù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1914, àwọn àgbẹ̀ Shijak àti àyíká rẹ̀, tí kò jìnnà sí Durrës, gbé ìbọn. Wọ́n gbé àsíá Sùlútáánì sókè. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ọba àjèjì, wọ́n fẹ́ Sùlútáánì, tàbí ó kéré tán kí wọ́n mú ọmọ ọba tí ó jẹ́ Mùsùlùmí wá. Wọ́n ní kí wọ́n má fi lẹ́tà Lárúbáwá du àwọn ọmọ àwọn. Mùfútì Tirana, Musa Qazimi, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ wá kàn jù nínú wọn ni Haxhi Qamili, ọmọ abúlé kan lẹ́bàá Tirana, ọkùnrin oníṣúfì.

Kí ni ìwé ìtàn pè wọ́n? Aláìmọ̀kan. Agbawèrèmẹ́sìn. Ní Albáníà títí di òní, bí wọ́n bá fẹ́ bú ẹnì kan pé kò lajú, wọ́n lè fi orúkọ Haxhi Qamili bú u. Àwọn oníwàásù wa náà kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí pé bí wọ́n bá ti rí àsíá Sùlútáánì, wọ́n á ní jíhádì lásán ni, wọn kò ní béèrè ohun tí ó gbé àgbẹ̀ kúrò nínú ebè rẹ̀.

Èmi á béèrè. Ẹ fi ara yín sí ipò àgbẹ̀ Shijak kan. Wọ́n ní ìjọba tuntun dé, òmìnira dé. O yọjú wò ó. Ta ni o rí tí ó jókòó gẹ́gẹ́ bí olórí ọmọ-ogun àti olórí ọlọ́pàá? Onílẹ̀ ni. Ẹni tí ò ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún lánàá, òun náà ni òfin lónìí. Láyé Sùlútáánì, bí bey bá fìyà jẹ ọ́, ó kéré tán ẹnì kan wà ní ọ̀nà jíjìn tí ó ga ju bey lọ tí o lè ké pè, bí kò tilẹ̀ dá ọ lóhùn. Nísinsìnyí kò sí ẹnikẹ́ni lókè bey mọ́. Ṣé wèrè ni ẹni tí ó bá ní kí Sùlútáánì padà wá?

Ní ti lẹ́tà, èmi olùkọ́ kéwú ni kí wọ́n bi. Ní ọdún 1908 ni àpérò Manastir fi ọwọ́ sí i pé lẹ́tà òyìnbó ni wọn yóò máa fi kọ èdè Albáníà. Ó lè dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé lẹ́tà òyìnbó náà ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí yín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó ti fi wàláà kọ́ ìwé láti kékeré, tí ó lè ka lẹ́tà, tí ó lè kọ ìwé àdéhùn, tí àwọn ará abúlé ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìwé kíkà, bí a bá sọ fún un lójijì pé ohun tí ó mọ̀ kì í ṣe ìwé, a ti sọ ọ́ di púrúǹtù ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Kì í ṣe àìlajú ni ó mú un bínú.

Wọ́n ṣe àṣejù o. Wọ́n jó ilé àwọn bey, wọ́n sì ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. N kò gbé wọn sókè bí málékà. Mo kàn ní kí á gbọ́ ẹjọ́ wọn.

Wọ́n fura sí Esad pé ó lọ́wọ́ nínú rúkèrúdò náà, kí ó lè rí àyè gba ìtẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún, àwọn ọ̀gá ológun ilẹ̀ Họ́láńdì tí wọ́n ń ṣọ́ ọba fi àgbá yìnbọn sí ilé rẹ̀ ní Durrës, wọ́n mú un, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e jáde kúrò nílùú. Ítálì ni ó forí lé, wọ́n sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀ níbẹ̀. Ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀, owó Wilhelm tán, ó sì bá tirẹ̀ lọ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án. Kò lò ju oṣù mẹ́fà lọ. Àwọn àgbẹ̀ wọ Durrës, wọ́n sì ní kí wọ́n fi Burhaneddin jọba fún àwọn. Ta ni Burhaneddin? Ọmọ bíbí inú Abdul Hamid ni, Sùlútáánì tí Esad lọ rọ̀ lóyè.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn tí ọba lọ, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1914, Esad wà ní ìlú Niš ní Sẹ́bíà, òun àti Nikola Pašić, olórí ìjọba ibẹ̀, ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìkọ̀kọ̀. Sẹ́bíà yóò fún un ní owó àti ohun ìjà kí ó lè gba Albáníà. Àwọn wo ni Sẹ́bíà? Àwọn tí ọmọ-ogun wọn wọ Kosovo ní ọdún 1912, tí wọ́n jó àwọn abúlé, tí wọ́n sì pa àwọn Mùsùlùmí Albáníà tọkùnrin tobìnrin. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ oníwàásù. Àwọn òyìnbó tí ilé iṣẹ́ Carnegie rán lọ wo ogun Balkan kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní ọdún 1914. Bí Esad kò bá ka ìwé náà, ó mọ àwọn tí ó sá kúrò níbẹ̀, nítorí pé àárín wọn ni ó ń gbé.

Ní oṣù kẹwàá ó wọ Durrës padà pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí Sùlútáánì wọ ogun ní òpin ọdún náà, àwọn àgbẹ̀ fẹ́ tẹ̀ lé Sùlútáánì, Esad kọ̀, wọ́n sì kọjú ìjà sí i. Haxhi Qamili àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dó ti Durrës. Gbogbo ohun tó kù lábẹ́ àṣẹ Pasha kò ju ìlú kan àti àyíká rẹ̀ lọ. Báyìí ni ó ṣe di pé ní oṣù kẹfà ọdún 1915, àwọn ọmọ-ogun Sẹ́bíà rọ́ wọ àárín Albáníà láti wá yọ ọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, ó fọwọ́ sí àdéhùn kejì ní Tirana, èyí tí yóò so ilẹ̀ Albáníà pọ̀ mọ́ Sẹ́bíà, tí ọmọ-ogun àti owó bodè àwọn méjèèjì yóò di ọ̀kan. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n yẹgi fún Haxhi Qamili ní Durrës.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tí ń pè é ní akọni wa dá mi lóhùn lé lórí nìyí. Ọmọ-ogun tí ó jó Mùsùlùmí nílé ní Kosovo ni ó pè wá, kí wọ́n wá fi ìbọn lé àwọn àgbẹ̀ Mùsùlùmí padà sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbàdúrà fún Kàlífà ni wọ́n so rọ̀ sórí igi. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Níbo ni yẹ̀húdí wà nínú èyí?

Ẹnì kan á ní òṣèlú ni ó ń ṣe, orílẹ̀-èdè kékeré kò sì lè ṣe láìfi ẹ̀yìn ti ẹni ńlá. Qemali náà fi ẹ̀yìn ti Ọ́stríà àti Ítálì. Mo gbà. Bíbá aláìgbàgbọ́ ṣe àdéhùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bá àwọn ará Mẹ́kà tí wọ́n jẹ́ abọ̀rìṣà ṣe àdéhùn Hudaybiyyah. Ṣùgbọ́n ojú àwọn sàhábà ni wọ́n ti kọ ọ́. Àwọn tí inú wọn kò dùn sí i sọ ọ́ níbẹ̀, wọ́n sì dá wọn lóhùn. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kì í sì í ṣe pé ilẹ̀ ẹnì kan yóò di púpọ̀ sí i. Ta ni Esad bá gbìmọ̀ kí ó tó lọ sí Niš? Ohun ta ni ó fi dúnàádúrà níbẹ̀? Ẹni tí ó ta ohun ìní ara rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi í. Àwọn ará Shijak kì í ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni, bí ilẹ̀ tí wọ́n ń ro tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní kí á má sọ̀rọ̀ òkú láìdára. Ẹ̀kọ́ tó dára ni, a sì ń lò ó nílé òkú. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn onímọ̀ hádíìsì ṣe? Wọ́n to àwọn tó gba hádíìsì wá, alààyè àti òkú, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá parọ́, pé tàmẹ̀dù kò ṣeé fi ọkàn tán. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kí ni à bá rí fi mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́ lónìí? Ẹni tí ẹ bá gbé síwájú ọmọ wa pé kí wọ́n máa wò ṣe àwòkọ́ṣe, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí á wádìí rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo lè yìn. Ní òpin ọdún 1915, nígbà tí Ọ́stríà, Jámánì àti Bùlùgáríà fọ́ Sẹ́bíà, tí ọmọ-ogun wọn ń ti orí àwọn òkè Albáníà rọ́ lọ sí etíkun nínú yìnyín, tí ebi àti òtútù ń pa wọ́n lójú ọ̀nà, Esad ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Gbèsè ni ó ń san, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí a fún ẹni tí ebi ń pa, oúnjẹ ni.

Ní oṣù kejì ọdún 1916, òun náà sá kúrò ní Durrës nígbà tí àwọn ará Ọ́stríà ń bọ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn Faransé ní Salonika, wọ́n ń pè é ní olórí ìjọba Albáníà níbẹ̀, ìjọba tí kò ní ilẹ̀. Lẹ́yìn ogun ó gba Paris lọ, ó ń wá ẹni tí yóò tún fi í jẹ. Nílé, àwọn ọmọ Albáníà ti pàdé ní Lushnjë ní oṣù kìíní ọdún 1920, wọ́n sì ti gbé ìjọba tiwọn kalẹ̀ láìsí i. Àwọn ẹni rẹ̀ gbé ogun ti ìjọba náà, kò bọ́ sí i. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà, bí ó ti jáde ní Hotel Continental, ọ̀dọ́ olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Avni Rustemi yìnbọn pa á. Itẹ́ òkú àwọn ọmọ-ogun Sẹ́bíà ní ìlú náà ni wọ́n sin ín sí. N kò fi ibi tí wọ́n sin ín bú u. Ẹni tó kú sí àjò, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní àjò ni yóò sin ín.

Ilé ẹjọ́ Paris dá Rustemi sílẹ̀, wọ́n sì gbé e gẹ̀gẹ̀ nígbà tó padà délé. Èmi kò bá wọn pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ ni mí, n kò rí i kọ́ ọmọ kankan pé ìbọn ni a fi ń parí ẹjọ́, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì gbẹ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1924, wọ́n yìnbọn lu Rustemi fúnra rẹ̀ ní Tirana, ó kú ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, orúkọ àwọn ẹni ilé Esad ni wọ́n sì dá nídìí rẹ̀. Rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé e lé Ahmet Zogu kúrò nílùú. Kí ọdún tó parí, ó ti padà dé. Ní ọdún 1928 ó fi ara rẹ̀ jọba, Ọba Zog. Ìyá rẹ̀, Sadije, ọmọ ilé Toptani ni.

Ní ti àwọn àgbẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Tirana àti Durrës, Zog kéde òfin kan ní ọdún 1930 pé òun yóò pín ilẹ̀ fún wọn. Òfin náà kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí ìwé. Wọ́n ń kó ìkórè lọ fún àwọn bey títí di ọdún 1945, nígbà tí àwọn Kọ́múnísì gba ilẹ̀ náà.